Ìtàn MG Tí Olújídé Ń Kọ Ránṣẹ́

Fọ́tò ni wọ́n fi gbé Joanna níyàwó. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdána ní Èjìgbò lọ́dún 1960, Olújídé ọkọ rẹ̀ wà ní London, ó ń kọ́ iṣẹ́ lọ́yà, ni wọ́n bá gbé fọ́tò rẹ̀ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó. Nínú fọ́tò náà, ó fara ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó rẹlẹ̀, tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ. Gbogbo ilé ló ń sọ pé ti Joanna ni ìjókòó kejì. Òun náà gbà bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí ọkọ rẹ̀, Bàbá Dúrójaiyé àti Màmá Ìbíyẹmí, ó ń retí ìwé tí yóò ní kó máa bọ̀ ní London. Ìwé ń dé lóòótọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ mọ́tò ló máa ń kún inú rẹ̀. Ẹ wo ọkùnrin tí kò béèrè bóyá ara ìyàwó rẹ̀ le, àfi kó máa ròyìn irin. MG ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ náà. Olújídé ní àwọn ti àtijọ́ nàró gangan, iná iwájú wọn sì yọ síta. Ọdún 1955 ni MGA tó wà nínú fọ́tò dé. Nígbà tó di 1962, MGB gba ipò rẹ̀. Ó ta ti àkọ́kọ́, ó ra MGB. Mùkáílà mẹkáníìkì, tó ti ṣiṣẹ́ ní Àbíjàn, wo fọ́tò tuntun náà, ó ní bí ọkọ̀ yìí bá gba ọ̀nà ìlú Ara, ikùn rẹ̀ á kù sójú ọ̀nà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi Joanna. Ìlérí "Ọdún tó ń bọ̀ ni wàá wá" náà ló tún wà nísàlẹ̀ ìwé.

Ó dùn ún wọra, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kò ká a. Kò lè padà sílé bàbá rẹ̀ ní Masifa, wọ́n ti pín ẹrù ìdána jẹ. Kò sì lè bínú sáwọn àgbà méjèèjì, wọn kò ṣẹ̀ ẹ́.

Lọ́dún 1966, ìwé mìíràn dé. Joanna ló máa ń kà á sókè, torí àwọn àgbà kò mọ̀wé. Olújídé ti tún pààrọ̀ ọkọ̀. MGB GT ni lọ́tẹ̀ yìí, ọdún tó kọjá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ó ní òrùlé, ó ní ilẹ̀kùn lẹ́yìn.

"Ó ní ìjókòó kékeré lẹ́yìn," Joanna kà á. "Kò gba àgbàlagbà, ṣùgbọ́n ó gba ọmọ wa dáadáa. Orí ìjókòó náà ló sùn sí láti London dé etíkun, kò tilẹ̀ jí."

Ó ti kà á tán kó tó gbọ́ ohun tó kà: òun kò bímọ kankan fún Olújídé. Adùn mọ́tò ti mú Olújídé gbàgbé ẹni tó ń kàwé fún wọn.

Bàbá Dúrójaiyé ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Bàbá ní ìwàkiwà gbáà ni, pé wọn yóò kọ ìwé gbígbóná sí i lọ́la. Joanna ni yóò sì kọ ọ́.

Màmá Ìbíyẹmí di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bá a sunkún, ẹkún òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n Olújídé nìkan ló bí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń tọrọ ọmọ-ọmọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ó nu ojú. Ó gbìyànjú láti pa ìbéèrè kan mọ́ra, kò ṣeé ṣe.

"Ìyàwó mi, má bínú," ó ní. "Ṣé kò sọ bóyá ọkùnrin ni àbí obìnrin?"

Joanna yí ìwé náà sẹ́yìn, ó fara balẹ̀ wò ó títí dé ìsàlẹ̀.

"Wọn ò sọ, Màmá."