Ewì Bàbá Mi Lẹ́nu Màmá Òkukù

Kò sẹ́ni tí kò mọ bàbá mi, Tíṣà Mákánjúọlá, n'Inísà nítorí ewì. Bí wọ́n bá ń sọmọ lórúkọ, wọ́n á ránṣẹ́ pe Bàbá. Bí ìjọ Onítẹ̀bọmi bá ń ṣe ìkórè, Bàbá ni yóò kéwì. Ìmoore ni Bàbá fẹ́ràn láti máa kéwì lé lórí, àwọn èèyàn a sì máa nu ojú nínú ìjọ. Ṣùgbọ́n nílé, n kò gbọ́ ọ rí kí Bàbá sọ pé "ẹ ṣé" fún ẹnikẹ́ni.

Ẹni tí ọpẹ́ tọ́ sí jù ni ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, Jemima, tí a ń pè ní Màmá Òkukù torí pé Òkukù ni wọ́n lọ́kọ sí. Nígbà tí ọkọ wọn kú, wọ́n padà sílé bàbá wọn n'Inísà, wọ́n sì gba yàrá tó kángun sí ti Bàbá. Aṣọ òkìrìkà ni wọ́n ń tà. Wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì lọ rà á n'Ìkìrun, wọ́n á gbé e lọ sọ́jà Òkukù. Kí wọ́n tó jáde láàárọ̀, wọ́n á ti pọnmi, wọ́n á ti se oúnjẹ Bàbá. Bàbá á tọ́ ọ wò, wọ́n á ní, "Ata yìí ti pọ̀ jù." Ó parí.

Màmá Òkukù náà kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́. Ẹnu wọn mú bí abẹ. Bí Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kéwì ní pálọ̀, Màmá á ti fèrèsé yàrá wọn gbàgà. "Mákánjú, ṣé ewì lo máa bù sínú àwo jẹ? Jẹ́ kí n sinmi, ó jàre!" Èmi gbà pé wọ́n kórìíra ewì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, Màmá Òkukù gbọ́ gbì lẹ́yìnkùlé. Bàbá ló ṣubú. Apá ọ̀tún rọ, ẹnu wọ́. Màmá ló ké sí àwọn ará àdúgbò tí wọ́n fi rí ọkọ̀ gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn n'Ìkìrun. Ìkìrun yẹn ni mo ti ń ṣe tíṣà, mo sì sáré bá wọn níbẹ̀. Ọlọ́run ṣàánú wa, Bàbá ò kú. Ọ̀rọ̀ ló lọ. "Bẹ́ẹ̀" nìkan ló kù lẹ́nu Bàbá. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, "bẹ́ẹ̀". Bí ara bá ń ro wọ́n, "bẹ́ẹ̀". Nígbà tó bá sú wọn, wọ́n á kọjú sógiri, omijé á máa bọ́.

Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Fọláfúnmi wá sọ fún mi pé, "Àǹtí, ẹni tí ò lè sọ̀rọ̀ mọ́ ṣì lè kọrin nígbà míì, tàbí kó sọ ohun tó ti há sórí tipẹ́. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò."

Mo kọ orin ìjọ, Bàbá mi orí. Mo wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀kan nínú ewì tiwọn:

"Omi tútù tí mo mu láàárọ̀,
Mo mọ ife, mo mọ àwo..."

Ibẹ̀ ni mo há sí. Màmá Òkukù ń ká aṣọ Bàbá lẹ́bàá ibùsùn. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n kàn ń bá a lọ, wọ́n ń fa ohùn bí Bàbá ṣe máa ń fà á gẹ́lẹ́:

"Ta ló jí pọn ọ́n nígbà tí mo sùn?
Ọwọ́ ta ni okùn kànga bó láwọ?"

Ẹnu yà mí. "Màmá! Níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ìrètí, ṣé fèrèsé lè di èèyàn létí ni? Kò sí èyí tí mi ò mọ̀ níbẹ̀."

Ètè Bàbá ń gbọ̀n. Màmá rí i, wọ́n sọ aṣọ sílẹ̀, wọ́n di ọwọ́ tó rọ náà mú, wọ́n sì tún ewì náà ké díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ìparí, Bàbá gbé e pẹ̀lú ẹnu wíwọ́: "...bó... láwọ."

Bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀gbọ́n wọn tó le bí èèpo igi. Wọ́n wò ó pẹ́. Ẹkún gbọ̀n wọ́n.

"Má sunkún mọ́," ni Màmá Òkukù wí. "Kéwì. Òmíràn ṣì ń bẹ."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí a gbé Bàbá padà sí Inísà, ojoojúmọ́ ni Màmá ń jókòó tì wọ́n kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Bí Bàbá bá ṣì í, Màmá á bú wọn: "Ìwọ lo ṣe é, o ò sì mọ̀ ọ́n!" Látinú ewì, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ó ń já bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí òjò dé, a lọ dúpẹ́ nínú ìjọ. Bàbá fi ọ̀pá dìde. Gbogbo ìjọ ń retí ewì, ṣùgbọ́n Bàbá kò kéwì. Wọ́n yíjú sí ẹ̀gbọ́n wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi... ẹ ṣé."

"Jókòó, Mákánjú," ni Màmá Òkukù dáhùn kíá, "kí o má tún ṣubú mọ́ wa lọ́wọ́." Ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Etí gèlè ni Màmá fi ń nu ojú.

Bí a ṣe wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ sílé, àwọn méjèèjì ti tún ń jà lórí ẹni tí yóò jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èmi jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mò ń rẹ́rìn-ín, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún wọn, bí wọ́n ṣe rí gẹ́lẹ́.