Ìyá Àgbà Ò Tíì Kú

Alágbàfọ̀ ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀ láti inú yàrá: "Láti ọjọ́ tí ìyá àgbà mi ti kú mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo ti pinnu pé iṣẹ́ dókítà ni mo máa ṣe."

Ó fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ lórí aṣọ, ó sáré gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Ìyá rẹ̀ tí ọmọ náà ń pè ní ìyá àgbà jókòó sórí àpótí níbẹ̀, ó ń wá ìkejì ìbọ̀sẹ̀ àwọn oníbàárà, ó sì ń bínú sí ọ̀kan tí kò rí ìkejì rẹ̀.

"Kí ló ń lé ọ?" ni ìyá àgbà bi í.

Òórùn aṣọ tó ń jó ló dá Alágbàfọ̀ padà sínú ilé. Ojú áyọ́ọ̀nù ti hàn gàdàgbà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Nínú yàrá, ọmọbìnrin rẹ̀ tún ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ikú náà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ń dá ohùn dúró díẹ̀ níbi tó yẹ kí ẹkún wà.

Àṣé ìdánrawò ni. Yunifásítì tí ọmọ náà fẹ́ wọ̀ máa ń fọ̀rọ̀ wá àwọn ọmọ lẹ́nu wò kí wọ́n tó gbà wọ́n, orí fóònù ni wọ́n sì ti máa ṣe tiẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ gbà síṣẹ́ ló kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Iṣẹ́ ọkùnrin náà ni kó máa gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn lórí bí wọ́n ṣe máa wọ yunifásítì. Kì í pẹ́ lẹ́nu ọ̀rọ̀ kó tó sọ pé "mo mọ̀ wọ́n níbẹ̀," ni ìyá àgbà bá sọ ọ́ ní Mo-Mọ̀-Wọ́n.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ọkàn Alágbàfọ̀ kò ti balẹ̀ sí i. Bàtà rẹ̀ máa ń dán jù, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín kéèyàn tó sọ ohun tó pani lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò lè pè é ní gbájú-ẹ̀. Ọkùnrin náà ló rí i pé ọmọ náà fẹ́ kọ́ iṣẹ́ dókítà láì fi físíìsì kún àwọn ẹ̀kọ́ tó fẹ́ ṣèdánwò lé lórí. Olùkọ́ kankan níléèwé kò rí i. Ká ní kò sọ ọ́ ni, ọdún kan gbáko ni ọmọ náà ìbá fi ṣòfò. Ohun tó ń da Alágbàfọ̀ láàmú gan-an nìyẹn: ẹni tó ṣe ọ́ lóore tòótọ́, báwo lo ṣe fẹ́ máa ṣọ́ ọ lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀?

Ó lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Àwòrán àwọn ọmọ tó wọ aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege kún ara ògiri, gbogbo wọn ń rẹ́rìn-ín. Alágbàfọ̀ ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń rò ó pé ta ló pa ìyá tiẹ̀ nínú wọn, ta ló pa àbúrò.

Ọkùnrin náà fún un ní àga, ó bu omi tútù fún un, ó sì ṣàlàyé wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó ní àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wáni lẹ́nu wò ti gbọ́ ìtàn ọmọ tó mọ̀wé títí ó ti sú wọn. Ìtàn ẹlẹ́kún ló ń dúró sí wọn lọ́kàn. Alágbàfọ̀ ní ìyá òun wà láàyè, ó ń jẹun, ó ń bínú, àti pé ìtàn wọn ti jó ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà òun. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín.

"Mọ́mì wa, kò sẹ́ni tó máa wá wo sàréè wọn."

"Ṣé ẹ tiẹ̀ bi ọmọ náà ní ìdí tó fi fẹ́ ṣe dókítà?"

"Mo bi í. Ó ní òun fẹ́ràn kóun máa wádìí ohun tó ń ṣe èèyàn. Ó dáa, àmọ́ ìyẹn ò lè mú omi bọ́ lójú ẹnikẹ́ni."

Nígbà tí Alágbàfọ̀ délé, ó pe ọkọ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù lọ sọ́nà jíjìn. Ìyẹn ní kó má ba nǹkan jẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, kò ní pa ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ kò gbójú sókè. Ó ní gbogbo ẹgbẹ́ òun ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ti sọ ara rẹ̀ di ọmọ òrukàn, bàbá rẹ̀ ló sì ń fi mọ́tò gbé e lọ síléèwé.

"Kí lẹ fẹ́ kí n sọ, Mọ́mì? Pé mò ń bá yín ṣa ìbọ̀sẹ̀ àwọn oníbàárà?"

Ìyá àgbà ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wọlé, ó jókòó. Alágbàfọ̀ rò pé inú máa bí i, àmọ́ ẹ̀rín ló ń rín.

"O ti pa mí, kò burú. Irú àìsàn wo ló pa mí?"

"Àìsàn ọkàn ni, Mọ́mì àgbà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ràn inú rírun."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín láì fẹ́. Ẹ̀rín ti kúrò lójú ìyá àgbà nígbà tó tún sọ̀rọ̀.

"Tí o bá wá wọlé tán, tí mo fẹ́ wá kí ọ níbẹ̀ ńkọ́? Ta ni wàá sọ pé mo jẹ́?"

Ọmọ náà ń fi èékánná họ ẹ̀yìn fóònù rẹ̀.

Alágbàfọ̀ pe Mo-Mọ̀-Wọ́n lórí fóònù lójú àwọn méjèèjì. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ físíìsì, ó dúpẹ́ tọkàntọkàn. Ó ní kó ṣì máa bá ọmọ náà wo àwọn ẹ̀kọ́ rẹ̀.

"Àmọ́ ohun tó máa fẹnu rẹ̀ sọ, ẹ fi sílẹ̀ fún un."

Ọkùnrin náà ní tí wọn ò bá gbà á, kí wọ́n má di ẹ̀bi ru òun. Alágbàfọ̀ ní òun gbọ́. Ọmọ náà mú fóònù rẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti ilẹ̀kùn yàrá mọ́rí. Alágbàfọ̀ pa iṣẹ́ tì, ó fetí lé ilẹ̀kùn. Kò gbọ́ ju "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lọ. Ìgbà kan wà tí ọmọ náà dá ohùn dúró bó ṣe ṣe nígbà ìdánrawò, Alágbàfọ̀ sì tún fara mọ́ ilẹ̀kùn. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí lójijì, díẹ̀ ló kù kó ṣubú sínú yàrá.

"Kí ni wọ́n bi ọ́?"

"Wọ́n ní ta ni mò ń gbé pẹ̀lú."

"Kí lo wá sọ?"

"Mo ní ìyá àgbà mi àti ẹ̀yin ni. Mo ní ẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé ẹ̀ ń tẹ́tí. Wọ́n rẹ́rìn-ín."

"Ṣé wọ́n máa gbà ọ́?"

"Mi ò mọ̀, Mọ́mì."

Alágbàfọ̀ di àgbọ̀n ọmọ náà mú, ó gbé ojú rẹ̀ sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wò ó bó ṣe máa ń wo aṣọ funfun kó tó gbé e fún oníbàárà. Kò rí àbàwọ́n kankan. Síbẹ̀, ó tún un wò.