Ọ̀rọ̀ Ègé Mẹ́fà

Láti àárọ̀ ni ìyàwó Tísà ti ń fi ìka kan tábìlì fún ọkọ rẹ̀.

"Rẹ. Spọn. Si. Bí. Li. Ti. Ó yá, Bàbá ọmọ mi, ẹ wí i tẹ̀ lé mi."

Tó bá dé orí "bí" yẹn, á kàn án gbàá, nítorí ibẹ̀ ni òyìnbó ti ń tẹ ohùn mọ́lẹ̀. Tísà la ẹnu, atẹ́gùn lásán ló jáde. Ẹ wo ọ̀rọ̀ gígùn gbọọrọ, tí ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju ojúṣe lọ!

Iṣẹ́ tí Tísà fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe nìyí: kó máa gé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí wẹ́wẹ́ fún ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tó bá tẹ ohùn síbi tí kò yẹ, á ní ó ń fi orí rìn. Àfi bí àrùn rọpárọsẹ̀ ṣe dé, tó gba apá ọ̀tún, tó sì gba ohùn mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n máa fi ohun tó mọ̀ dunjú gbìyànjú, bóyá ahọ́n á rántí. Ló bá di ti ìyàwó.

Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń bọ́ ọ, òun ló ń fọ aṣọ ibùsùn, kó tó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Àwọn ọmọ ń pè lórí fóònù pé, "Màámi, ẹ kú ìtọ́jú." Ẹ kú ìtọ́jú a máa fọṣọ ni? Ọ̀rọ̀ kan péré ló fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ọkọ rẹ̀, kó lè mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ òun ṣì wà nínú ilé.

"Rẹ. Spọn. Si..."

Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

"Ó ti sú mi!" ló pariwo. "Ẹ gbọ́? Ó sú mi, ó rẹ̀ mí, mi ò lè ṣe é mọ́!"

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ojú tì í. Ó dorí kodò, ó ń sunkún. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó rí ọwọ́ òsì Tísà tó rọra wọ́ kọjá lórí tábìlì, tó wá bo ọwọ́ tirẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Lọ," ni Tísà wí. Ẹnu rẹ̀ wọ́, òógùn bò ó níwájú orí. Ó mí kanlẹ̀. "Lọ... sùn."

Ọ̀sán gangan ni. Aṣọ oníbàárà ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́.

"Mo gbọ́, Bàbá ọmọ mi," ló dáhùn, ó sì sùn lọ síbẹ̀, lórí àga, ọwọ́ rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọkọ rẹ̀.