Fádà Basile Di Alárenà

Lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ ní Pobè, èrò ń fún ara wọn lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, imọ̀ ọ̀pẹ ń gún olúkúlùkù létí, ni ojú Fáṣínà bá ojú ọmọbìnrin kan pàdé. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Áà! Imọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Fáṣínà, ó bà lé ìyá arúgbó kan lórí, kò tilẹ̀ gbọ́ èpè tí ìyá ṣẹ́.

Eugénie lorúkọ rẹ̀, ará Sakété. Télọ̀ kan ní Takon, tó ń ránṣọ fún kọmándà, òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè náà, ti ń tọrọ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ Àjíǹde ni Tàntí Félicité tó tọ́ ọ dàgbà yóò dá télọ̀ lóhùn. Fáṣínà akọpẹ kò sì mọ̀wé. Ó sá tọ Fádà Basile lọ, ẹni tí ìwé àdúrà tó kọ ń pa àwọn ìyá lẹ́kún títí dé Aguidi.

Fádà kọ lẹ́tà, ó kà á sókè: “Ìwọ ìmọ́lẹ̀ ọkàn mi, èmi erùpẹ̀ lásán wólẹ̀ níwájú rẹ, ṣàánú mi…”

“Fádà, kí ni mo ṣe fún un tí mo fi ń tọrọ àánú?”

“Ìfẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n kọ nìyẹn, ọmọ mi.”

“Ẹ yọ erùpẹ̀ kúrò. Ẹ fi ẹ̀rín rẹ̀ sí i. Ó ní èjí.”

Fádà húkọ́. Ẹni tó ń kọ̀wé nípa ọ̀run tí kò rí rí, eyín lásán ni kò mọ bí yóò ṣe kọ! Ó ṣáà gbìyànjú, ó kọ ọ́.

“Ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e lọ o,” ni Fáṣínà wí. “Nílé wa, alárenà ló ń jẹ́ irú iṣẹ́ yìí.”

Fádà gun kẹ̀kẹ́ dé Sakété. Bí Tàntí Félicité ṣe rí aṣọ funfun àti lẹ́tà, ó kúnlẹ̀ gbì.

“Mo mọ̀! Ọlọ́run ti pe Eugénie! Ó ń lọ sílé àwọn obìnrin Ọlọ́run ní Àjàṣẹ́, àwọn tí kì í lọ́kọ! Kí télọ̀ lọ máa rán ṣòkòtò rẹ̀!”

Aládùúgbò rọ́ wọlé, orin mímọ́ sọ. Fádà lanu, orin bò ó mọ́lẹ̀. Ó dá lẹ́tà padà sápò. Àbí kó kúkú máa lọ? Ìgbà náà ló rí Eugénie lẹ́yìn ilẹ̀kùn, omijé ń dà lójú rẹ̀ pòròpòrò.

“Ẹ dákẹ́!” Ohùn tó fi ń wàásù ni. “Ìyá, kì í ṣe Ọlọ́run ló rán mi lọ́tẹ̀ yìí. Fáṣínà akọpẹ ni.”

Orin já. Tàntí wà lórí ìkúnlẹ̀, kò mọ̀ bóyá kóun dìde.

“Ṣé ẹni tó sọ imọ̀ lu màmá yẹn ni?” Eugénie bú sẹ́rìn-ín.

Fádà rí èjí náà, ó mọ̀ pé òun kò kọ ọ́ dáadáa tó. Ó yọ lẹ́tà, ó nà án sí i.