Tsuba Tí Hyoma Fi Sílẹ̀

Yasuke gbé tsuba Hyoma, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú, kalẹ̀ níwájú mi láàárọ̀, ó ní kí n bá òun fi í sí idà òun. Ọ̀la ni wọ́n ń lọ sógun.

Tsuba ni irin pẹlẹbẹ tó wà láàárín èèkù àti ojú idà, kí ọwọ́ má baà yọ̀ lọ síbi tó mú. Ọkọ mi ló máa ń ṣe é ní ìlú Hagi níbí, nílẹ̀ Japan. Nígbà tó kú, mo gba òòlù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo máa ń wò ó ni.

Eléyìí dára. Mi ò ní ọ̀rọ̀ míì fún un. Agbo pẹ́pẹ́yẹ igbó ń fò lójú rẹ̀, wọ́n lu irin já yí wọn ká, ọrùn wọn tín-ín-rín bí okùn, síbẹ̀ ìkankan kò ṣẹ́. Mo yí i padà. Lẹ́yìn, níbi tó kọjú sí àkọ̀, tẹ́nikẹ́ni kì í wò, pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo dúró nínú koríko odò, ó gbójú sókè. Wọ́n fara balẹ̀ gbẹ́ ìyẹ́ tiẹ̀ ju tàwọn yòókù lọ.

Mo ní, "Ihò àárín rẹ̀ kò bá idà rẹ mu. Bàbà kékeré tí Hyoma kàn síbẹ̀ kó lè fún idà, ìwọ̀n idà tiẹ̀ ni. Màá yọ ọ́, màá kan tuntun."

"Ẹ yọ ọ́, Màmá Oriyo. Àbí ọwọ́ yín ti ń gbọ̀n?"

"Ẹsẹ̀ tìẹ ni yóò gbọ̀n lọ́la."

Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ.

Kò pẹ́ tí Otose, ìyá rẹ̀, fi wọlé. Kò jókòó. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún un pé kò ṣeé ṣe. Nígbà tí bàbá wọn kú sójú ogun, tsuba yìí ni wọ́n gbé wá bá mi. Nígbà tí Hyoma kú, òun náà ni. Ẹ má jẹ́ kí Yasuke gbé e lọ."

"Irin ni, Otose. Mi ò lè parọ́ lórí iṣẹ́ ọwọ́ mi."

"Ẹ̀yin àti iṣẹ́ yín!" Ó jáde.

Mo yọ bàbà Hyoma. Òun fúnra rẹ̀ ló kàn án nígbà ayé rẹ̀, torí kò ní sùúrù; àpá òòlù rẹ̀ wọ́ gbágungbàgun. Mo jù ú sínú àwo, mo kan tuntun, ó le. Mo lọ pọnmi. Nígbà tí mo dé, bàbà tuntun wà lórí ẹní. Ti Hyoma ti padà sínú ihò.

Mo bú ara mi, mo tún un ṣe, mo sì jókòó tì í. Mo kàn yíjú láti koná ni. Ó tún ti padà. Mo fọwọ́ kan irin náà, ó gbóná bí àtẹ́lẹwọ́ èèyàn. Mi ò tíì gbé e súnmọ́ iná.

Mo ránṣẹ́ pe Yasuke. Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e.

"Kò gbà," ni mo wí. "Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

Ó wo ìyá rẹ̀. "Màámi, ẹ̀yin lẹ ṣe é?"

"Ọwọ́ mi wo? Èyí tí kò lè gbé ìkòkò omi pàápàá?"

Yasuke fi àtàǹpàkò tọ àpá òòlù tó wọ́ náà. Ó ní, "Àpá òòlù ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan rẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà."

"Ahun ni," ni Otose wí, ó sì bú sẹ́kún.

"Ẹ fún mi ní èyí tí kò ní ẹyẹ kankan," ni Yasuke wí. Mo mú ọ̀kan nílẹ̀, mo kàn án. Ó dúró.

Yasuke ti ogun dé kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, ó ń tiro. Otose gba tsuba Hyoma sọ́dọ̀, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láràárọ̀ kó má baà dípẹtà. Mo bi í bóyá ó ṣì ń gbóná. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án wò.

Mi ò tíì fọwọ́ kàn án.