Koríko Ìyàwó Ernest

Ọdún méjì ni Sìlífátù fi retí ilẹ̀ tí kò ju yàrá kan lọ. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni, ilé rẹ̀ ní West End ní Amẹ́ríkà kò sì ní ẹ̀yìnkùlé, ló ṣe fojú sí ọgbà àjọni tó wà nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ernest, bàbá arúgbó ará Amẹ́ríkà tó ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ àyè náà, ló bá a bẹ ìgbìmọ̀ ọgbà tí wọ́n fi fún un. Òfin wọn kò pọ̀, àmọ́ ọ̀kan le: ẹni tó bá fọwọ́ kan oko ẹlòmíràn láìgbàṣẹ, wọn á gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilá àti tẹ̀tẹ̀ ló gbìn. Wọ́n ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́, tirẹ̀ kò sì tẹ́. Kíá ló bo ilẹ̀, tó tutù yọ̀yọ̀. Obìnrin tó ti ń ra ẹ̀fọ́ inú yìnyín láti ọjọ́ yìí wá, inú rẹ̀ dùn dé ẹ̀yìn.

Nígbà tó di oṣù Keje, orúnkún gbé Ernest dé ilé ìwòsàn, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba oko rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn ni Sìlífátù. Níbi tí wọ́n ti bí i, bí ẹni tí oko yín pààlà bá ń ṣàìsàn, ẹ kì í dúró kó ránṣẹ́ kí ẹ tó bá a ro ó. Kò tilẹ̀ rántí òfin. Ó mú ọkọ́, ó ro ó láti ìdí tòmátò dé ìdí wáyà tó yí ọgbà ká. Àwọn ewé gíga kan wà níbẹ̀ tó ní oje funfun bíi bomubomu. Gbòǹgbò wọn le, ó bá gé wọn mọ́lẹ̀, ó kó wọn dànù. Ó ya fọ́tò oko náà, ó fi ṣọwọ́ sí ọmọ rẹ̀.

Samirah pè é lójú ẹsẹ̀.

"Mummy, kí lẹ ṣe yìí? Milkweed yẹn dà, àwọn ewé gíga yẹn? Ìyàwó Mr. Ernest tó kú ló plant ẹ̀ fún àwọn butterfly. He told us that day now."

"Mo rò pé koríko ni."

"Ẹ gbọ́dọ̀ tell him, Mummy, before committee rí i."

Ẹ̀rù pé wọ́n lè gba ilẹ̀ náà ba Sìlífátù lóòótọ́, àmọ́ ìtìjú ló pọ̀ jù. Àṣejù, baba àṣetẹ́: ohun tí ìyàwó olóore rẹ̀ fi sílẹ̀ ló fọwọ́ ara rẹ̀ gé.

Nígbà tí Ernest fi ọ̀pá tẹlẹ̀ dé, Sìlífátù ti jókòó dè é. Ó ti fẹ́ẹ̀ kúnlẹ̀ tán kó tó rántí ibi tó wà. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un, kò fi ohunkóhun pa mọ́.

"Bí ẹ bá fẹ́ fẹjọ́ mi sùn, ẹ lọ. N óò fi ilẹ̀ náà sílẹ̀."

Ernest wo oko tó mọ́ tónítóní náà títí.

"Gbòǹgbò rẹ̀ ṣì wà, yóò hù," ló wí. Ó wá nawọ́ sí tẹ̀tẹ̀. "Ìyẹn ńkọ́? Koríko la mọ̀ ọ́n sí níhìn-ín. Látìgbà tó ti hù ni ọwọ́ ti ń yún mi láti fà á tu. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o kì í ṣe ọ̀lẹ. Mo ní ó nídìí tí o fi fi í sílẹ̀."

Sìlífátù nu ojú rẹ̀, ó mú ọkọ́, ó tún gbé e sílẹ̀.

"Mr. Ernest, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n má fọwọ́ kàn?"

Ernest jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá rẹ̀ tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.