Ọ̀pá Fáàfù tí Ìpáàrà Kò Rí Jẹ

Nígbà tí fáàfù pọ́ǹpù tó ń fa omi jáde nínú ihò ìwakùsà ní Mufulira bàjẹ́, Ọ̀gá Kaoma tó ń darí iṣẹ́ níbẹ̀ fi òkèlè nshima rẹ̀ sílẹ̀ láìjẹ, ó sáré lọ bá Ìyá Kabaso tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí. Omi ihò náà kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, ó sì ń jẹ irin bí ikán ti ń jẹ igi. Bí wọn kò bá rí fáàfù mìíràn kí ilẹ̀ tó ṣú, omi yóò gba ibi iṣẹ́ ọgọ́rin ọkùnrin.

Ẹyọ kan péré ló kù lórí àtẹ, ohun tó sì ń ba ọ̀gá lẹ́rù nìyẹn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí àlejò ń bọ̀ láti Lusaka, òun ló pàṣẹ pé kí wọ́n nu gbogbo gírísì kúrò lára irin, kí ilé lè máa dán. Ìyá Kabaso bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òógùn àtẹ́lẹwọ́ nìkan tó láti mú ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù dógùn-ún. Ọ̀gá ní ṣe ló ń kẹ́ irin bí ọmọ tuntun. Àwọn àlejò dé, wọ́n fọwọ́ pa fáàfù lórí, wọ́n lọ.

“Ìyá Kabaso, ẹ má wulẹ̀ tú u,” ni ọ̀gá wí. “Èmi ni mo bà á jẹ́.”

Ìyá náà gbé ìdì fáàfù náà sọ̀ kalẹ̀ láti orí àtẹ. Ó tú okùn, ó ṣí bébà tí a rẹ sínú òróró. Gírísì nípọn lára ọ̀pá náà. Ó fi àkísà nù ún, irin sì kọ mànà.

“Ọjọ́ kejì tí àwọn àlejò yín lọ ni mo fọ gbogbo wọn, mo gbẹ wọ́n, mo sì tún fi gírísì kùn wọ́n.”

“Ẹ tàpá sí àṣẹ mi?”

“Ẹ ní kí n nù ún, ọ̀gá, mo sì nù ún. Ẹ ò ní kí n má tún un kùn.”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti àtẹ.

Nígbà tí wọ́n de fáàfù náà mọ́ pọ́ǹpù nínú ihò tán, àwọn òṣìṣẹ́ ní ẹni tó tọ́jú rẹ̀ ni yóò ṣí i. Ọdún mọ́kàndínlógún tí ìyá ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kò wọ ihò rí. Wọ́n dé e ní akoto lé gèlè, ó sì ń gbàdúrà bí àgò irin tó ń gbé èèyàn wọ ihò ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọwọ́ kan ló fi yí i. Ọ̀pá náà gòkè wọ́ọ́rọ́wọ́, pọ́ǹpù bú ramúramù, omi bẹ̀rẹ̀ sí fà. Ìyá dá orin ìyìn, ihò gbogbo sì gbè é. Ọ̀gá Kaoma, tí kì í lanu kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ni ohùn rẹ̀ rinlẹ̀ jù níbẹ̀.